Ìpele Kẹtàdínlógún

Severian, kí ni mo fi ṣe ọ́?
Ẹgbàáje nǹkan, ó lé igba, ó lé mẹ́fà,
lo dà sójú kan ṣoṣo bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ ya:
ilé lórí igi, igi lórí odò,
orúkọ òpópónà sùn sábẹ́ koríko.
O wá fẹ̀yìn tì, o lọ ń sin oyin lókè Racha.

Gbogbo wọn lo pè ní Ìlà.
Ìlà, Ìlà, Ìlà, títí dé ìsàlẹ̀,
bíi bàbá tó bí ogójì ọmọ
tó sọ ogójèèjì ní Ọmọ.

Ọ̀gá ní kó délẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú.
Àwọn onímọ́tò ń retí máàpù tuntun
tí wọn ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibùdókọ̀ ní Kutaisi.
Òjò ń rọ̀ sórí afárá.
Mo fọwọ́ kan igi kan ṣoṣo, gbogbo ìlú bá a dìde,
ilé ìfìwéránṣẹ́ já bọ́ sínú odò Rioni.
Mo dá a padà. Mo tún dán an wò.
Ìlú tún dìde.

Ni mo bá mú bébà, mo fi pẹ́ńsùlù tò ó:
ilẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹní,
omi lórí ilẹ̀, ọ̀nà lórí omi,
ilé lórí ọ̀nà.
Àbí ọ̀nà ló yẹ kó borí ilé?
Mo rò ó títí tíì mi fi tutù.
Ẹni tó wọ ṣìmí sórí kóòtù kò ya wèrè,
ètò ló gbàgbé.

Ẹ̀rọ yìí kúkú gbọ́n.
Mo fi ewé kan hàn án, ó bá mi pe gbogbo aláwọ̀ ewé,
ẹgbẹ̀rún méjì igi gbéra lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọlé tiwọn.
Àwọn ilé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣà wọ́n,
díẹ̀ díẹ̀, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà.
Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́:
bí mo bá pa ojú náà dé, ohun inú rẹ̀ á sá pamọ́ fún mi,
kò ní kú.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá òru,
mo pa ojú ilé dé, mo pa ti ọ̀nà,
mo pa ti ọgbà ìtura tó wà lẹ́yìn rélùwéè.
Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ilé kan. Kò tó èékánná.
Àtẹ̀gùn onígi gba ìta gòkè,
àjàrà bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ya ewé rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ
(mo kà á: mẹ́tàlélógójì),
ajá kan ká sílẹ̀ lẹ́bàá kànga.
Bọ́ọ̀sì wo ló nílò ajá?
Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Mo rántí ọ̀sán kan, o ń ya búrẹ́dì,
o ní òwúrọ̀ ni wọ́n wá wọn ilẹ̀ yẹn,
nígbà tó fi dalẹ́, wọ́n ti wó o tán.
Lẹ́yìn náà, o ní kí n na iyọ̀ sí ọ.

Òfin ilé iṣẹ́ wa kò lábùlà:
ohun tí ojú kò bá rí, ẹ pa á rẹ́, kí fáìlì lè fúyẹ́.
Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì.
Ó pẹ́ níbẹ̀.

Mo ṣí ìpele kẹtàdínlógún, sábẹ́ ilẹ̀ pàápàá.
Mo kó wọn síbẹ̀, tilé tajá,
mo pa ojú rẹ̀ dé, mo fi àgádágodo sí i.
Nígbà tí ẹ̀rọ bi mí lórúkọ,
mo tẹ̀ ẹ́: Severian Wà Nílé.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀ wa.
Ọmọkùnrin kan fi ìka tútù tọ ọ̀nà lórí rẹ̀,
ó dé ọgbà ìtura, ó dúró.
“Àǹtí Tsiala, ṣé bọ́ọ̀sì ń gba ibí yìí?”
Mo ní rárá,
àfi kéèyàn fẹsẹ̀ rìn.