Ìjókòó Àárín Òkè

Láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn, ní Pitsmoor, ní Sheffield,
ìgbésẹ̀ irínwó ó lé méjìlá ni.
Mo kà á. Èmi ni káńsù rán, tèmi ti báírò àti ìwé,
kí n wá ìdí tí àwọn àgbà òkè yìí
kò fi yọjú sí dókítà mọ́.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà. Wọ́n ti pè wọ́n lórí fóònù.
Wọ́n ti lẹ àwòrán ọkàn pupa mọ́ ògiri:
ẹ wá wọn ìfúnpá yín, ọ̀fẹ́ ni.
Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́.
Òkè ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Lórí máàpù tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ní ọ́fíìsì,
òkè náà sùn lọ gbọọrọ bí ẹní;
kò sẹ́ni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìwé.
Àmọ́ Màmá Dúrójayé, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
dé ìdí òpó iná kẹta,
ó di òpó mú bí ẹni tó rí ìbátan lájò,
ó wo òkè, ó wo ẹsẹ̀, ó padà sílé.
“Àìsàn kọ́ ló dá mi padà,” ó ní.
“Ibi tí n ó fìdí lé ni n ò rí.”

Clifford, tó fi ogójì ọdún rọ ọ̀bẹ àti ṣíbí,
sọ ohun kan náà, ó fi èébú díẹ̀ lé e.
Hodan ní ìjókòó kan wà níbẹ̀ rí,
wọ́n hú u nítorí àwọn ọmọ tó ń mutí lóru.
Wọ́n fẹ́ lé ọmọ mẹ́ta,
wọ́n sé ogún àgbà mọ́lé.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìjókòó.
Ọ̀gá mi bi mí pé, ṣé oògùn ni?
Ìpàdé bí ìpàdé. Ìgbà òtútù kan lọ, òmíràn dé.
Ẹni tó ń la títì kò mọ ẹni tó ń wọn ìfúnpá;
ìdí ife tíì tútù kan ni wọ́n ti mọra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń ta wínníwínní,
ọkùnrin méjì po sìmẹ́ńtì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀:
pákó mẹ́rin, irin méjì, ìgbọ́wọ́lé láàárín.
Kò sí ẹni tó wá gé rìbọ́ọ̀nù.
Ológbò kan ló kọ́kọ́ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni Màmá. Lẹ́yìn náà ni Clifford,
tó sọ fún un pé ìyàwó òun, nígbà ayé rẹ̀,
fẹ́ràn oòrùn ibí yìí.
Wọn ò gbọ́ ara wọn tán, Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ti Yọ́kṣáyà,
ti Màmá, ti Ìkìrun,
ṣùgbọ́n èémí àwọn méjèèjì padà sípò lẹ́ẹ̀kan náà.
Wọ́n dìde, wọ́n gun èyí tó kù.

Ìwé mi ò ní àyè fún èyí.
Àyè wà fún ẹ̀jẹ̀, fún ìwọ̀n, fún ọjọ́ orí.
Ilé Hodan sì ṣì rin gbingbin, ògiri yàrá ọmọ ń hu dúdú,
ọmọ náà ń wúkọ́ mọ́jú.
Mo jókòó sáàárín òkè, pákó ṣì tutù,
mo ṣí ojú ewé tuntun.