Òru Tí Abilà Ń Rọbí

Òjò ń rọ̀ ní Ìsánlú-Ìsin, iná ti lọ láti àná,
Abilà, ewúrẹ́ mi, ń rọbí lẹ́yìn ààrò.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ.
Orí kò yọ, ẹsẹ̀ kejì kò yọ.
Mo ti ń gbẹ̀bí ẹran láti ìgbà tí bàbá Múftáù ń rákò,
ọwọ́ mi yìí mọ ọ̀nà;
ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń gbọ̀n, ojú ti ń ṣe bàìbàì,
Abilà sì ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Mo ní kí Múftáù tan iná fóònù súnmọ́ mi,
òun ń ya fọ́tò!
Mo ní, "Ṣé ìyàwó là ń gbé níbí ni?"
Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ní sùúrù,
mo ti fi ránṣẹ́ sí Wasáàpù ẹbí."

Ẹbí! Àwọn tí kì í fọhùn tí a bá ń dáwó òrùlé.
Ẹni kìíní fi àdúrà ránṣẹ́.
Ẹnì kejì ní ká da kẹrosíìnì sí i nímú:
ọkọ Fàídátù nìyẹn, kò sin adìẹ rí.
Ẹnì kan ń béèrè láti Kánádà pé ẹran ta ni.
Mo ti fẹ́ ní kó pa á
nígbà tí ohùn obìnrin kan jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ìyá, èmi ni Mọ̀nsúrátù, ọmọ Jókòtọlá.
Òmù-Àrán ni mo wà, ẹran ni mò ń tọ́jú.
Ẹ má fà á o.
Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ fi òróró pa á,
ẹ rọra ti ẹsẹ̀ yẹn padà,
ẹ wá orí, ẹ tọ́ ọ sọ́nà.
Tó bá ń rọbí, ẹ fà; tó bá sinmi, ẹ sinmi."

Jókòtọlá.
Èmi àti ẹ̀ kò kí ara wa
láti ọjọ́ tí a ti jà nítorí ààlà oko kaṣú.

Mo ṣe bí ọmọ rẹ̀ ṣe wí.
Nǹkan tútù kan yọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sín.
Òmíràn tẹ̀lé e.
Ìrẹsì orí iná kò tíì jinná.
Bátìrì kú, òkùnkùn bò wá,
àwa àti ọmọ ẹran méjì.

Ilẹ̀ mọ́, Múftáù lọ gba iná sí fóònù lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.
Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí kẹrosíìnì.
Mo ní kó bá mi kọ̀wé sí Mọ̀nsúrátù nìkan,
kì í ṣe níwájú gbogbo wọn:
kó bá mi bi ìyá rẹ̀ léèrè,
ṣé akọ ló ń fẹ́ ni,
àbí abo.