Etí Ọ̀sà

Etí ọ̀sà la kọ́lé sí ní Báyékù.
Etí bàbá mi lọ̀sà kọ́ tirẹ̀ sí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa yanrìn nísàlẹ̀ omi.
Garawa onírin lọ́wọ́, yóò fa èémí sínú,
yóò tẹ̀lé òpó sọ̀kalẹ̀,
àwa ọmọdé á máa kà léèbúté: oókan, eéjì, ẹẹ́ta...
Bó bá yọ, yóò gbá ẹ̀gbẹ́ orí bí ẹni ń gbá ìdí ìgò.
Omi díẹ̀ á jáde.
Díẹ̀ á kù.
Yanrìn tó wà lọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ékòó.
Ìdákẹ́ tó bá a bọ̀ wálé ló kọ́ tiwa.

Kí n tó gbọ́njú, etí òsì ti kú.
Ẹ wá gbọ́ ilé wa láàárọ̀!
"BÀBÁ, MO Ń LỌ SÍLÉ KÉÚ!"
"IYỌ̀ Ò SÍ ŃLÉ O!"
Ṣìfáwù ìyá mi kì í ṣe aláriwo ẹ̀dá,
àbúrò rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ rí tinrín bí òwú
nígbà tó ń wọlé ọkọ.
Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ ṣeré, gbogbo èbúté ló ń gbọ́:
"Ẹ WÙ MÍ O, BÀBÁ MULÍKÁTÙ!"
Àwọn apẹja á dáhùn látinú ọkọ̀:
"A ti gbọ́!"

Kò sẹ́ni tó ń jà.
N ò mọ̀ pé ibì kan wà láyé
tí ohùn gíga ti ń jẹ́ ìbínú,
àfi ìgbà tí mo délé-ìwé ní Igbógbó,
tí tísà ní kí n dìde, kí n kàwé.
Mo kà á fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ náà, Gbohùngbohùn ni mò ń jẹ́.

Orúkọ yẹn bá mi délé ọkọ ní Ìta Ẹlẹ́wà.
Ilé tiwọn, ọdẹ òru ni bàbá wọn, ọ̀sán ló ń sùn;
orí ìka ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ti dàgbà.
Ìyá ọkọ mi ní, "Ìjà ni ìyàwó yìí gbé wá."
Iyọ̀ ni mo bèèrè.
Iyọ̀ lásán.

Mo bá kọ́ bí a ṣe ń gbé ohùn mì.
Ọdún mẹ́ta, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.
Wọ́n rẹ́ mi jẹ lọ́jà Sábó, mo dákẹ́.
Nọ́ọ̀sì fi àyè mi pe ẹlòmíràn,
oyún oṣù mẹ́jọ ń bẹ níwájú mi, mo dákẹ́.
Adémúyìwá ọkọ mi ní, "O ti wá níwà báyìí."
Ìwà?
Ṣé ìwà ni wọ́n ń pe kòtò
tí wọ́n ti kó yanrìn inú rẹ̀ lọ?

Ọjọ́ kejì Iléyá, mo lọ kí wọn ní Báyékù.
Mo kúnlẹ̀, mo fi ohùn Ìta Ẹlẹ́wà kí bàbá mi.
Ó wo ẹnu mi.
Ó gbá ẹ̀gbẹ́ orí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì,
ojú rẹ̀ dàrú:
"ṢÌFÁWÙ! ETÍ KAN TÓ KÙ NÁÀ TI LỌ O!
N Ò GBỌ́ OHÙN MULÍKÁTÙ MỌ́!"

Ìyá mi ò wo etí rẹ̀.
Ọ̀fun mi ló ń wò.

Mo gbé àwo ẹran tí wọ́n bù fún mi sílẹ̀.
Mo fa èémí sínú bí ọmọ awayanrìn,
mo sì lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀ pátápátá, mo lọ wà á wá:
"BÀBÁ! ẸRAN YÌÍ Ò NÍYỌ̀!"

Láti orí omi, ẹnì kan tí n ò rí ojú rẹ̀ ní,
"A ti gbọ́!"

Bàbá mi fọwọ́ bo etí ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Kí ló dé tó o fi ń pariwo?
Ta ló sọ fún ọ pé mo dití?"