Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́

Oṣù Kẹfà ni. Ní Skọ́tilándì lókè lọ́hùn-ún,
oòrùn ti yọ láti aago mẹ́rin ìdájí.
Àgùntàn ń jẹko létí adágún,
àwọn ọmọ ìlú ńlá ti pàgọ́ sábẹ́ igi páìnì,
wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, ariwo ta.
Omi náà dákẹ́. Ó mọ́ bí jígí,
òkè dúró lókè, òkè kan náà sorí kodò sínú rẹ̀.

Ishbel jókòó, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun rẹ̀.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Fìlà orí rẹ̀ pọ́n bí ata,
bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn kan so mọ́ ọn nídìí bí ọmọ ewúrẹ́.
Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó gun àpáta gíga,
tó na apá méjèèjì, tó fẹ́ bẹ́ sómi.

“Ìwọ, kí ni wọ́n ń pè ọ́?”
“Fearchar.”
“Fearchar, sọ̀ kalẹ̀. Wá fẹsẹ̀ tọ́ ọ wò ná.”

Ó fẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ó fà á yọ kíá bí ẹni tó tẹ iná.
Awọ omi nìkan ni oòrùn ń yá;
nísàlẹ̀, yìnyín èṣí kò tíì gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

“Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. N kò jiyàn.
Ṣùgbọ́n mo ti bá èyí gbé láti kékeré,
n kò rí i kó lọ́rẹ̀ẹ́.
Torquil ẹ̀gbọ́n mi mọ odò wẹ̀ ju ẹja lọ.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Irú ọ̀sán báyìí ni,
láti orí àpáta tí o gùn yẹn ni.
Kì í ṣe ìjì. Kì í ṣe ìgbì.
Òtútù ló gbá a láyà, ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀,
èémí tó yẹ kó fà lókè, abẹ́ omi ló ti fà á.
Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ló ń ṣe.
Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ;
ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ ti jókòó sílé.”

Fearchar kò fèsì. Àpáta ló ń wò.
Ishbel ti wọ omi dé orúnkún, kò bẹ́, kò sáré;
ó ń bu omi sọ́rùn, ó ń bu omi sójú,
ó sì ń bú omi pẹ̀lú, èébú tí n kò lè kọ síbí.

“Bó bá gbá ọ láyà, má bá a jà.
Má tíì lúwẹ̀ẹ́. Fẹ̀yìn lélẹ̀, kọjú sọ́run,
jẹ́ kí etí rẹ rì, jẹ́ kí omi gbé ọ pọ̀n.
Ka oókan dé ọgọ́ta.
Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, ti òtútù ni. Èyí tó kù ni tìrẹ.
Má sì lọ sí àárín. Kí lo gbàgbé sí àárín?”

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó, kí n di fèrè mú, kí n máa ka orí:
fìlà pupa kan, irun dúdú kan.
Ọ̀kan, èjì. Ọ̀kan, èjì.
Òjìji ìkùukùu gba orí omi kọjá.
Ọ̀kan.
Mo fi fèrè sẹ́nu, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi.
Ọ̀kan...
Ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ọsàn ló wà, ó dọ̀bálẹ̀ lé e, ó ń mí,
ó ń kà sókè: méjìdínlọ́gọ́ta, mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Wọ́n jáde kó tó rẹ̀ wọ́n. Ó fẹ́ dúró sínú oòrùn, kó máa yangàn.
“Bọ́ èyí tó tutù. Wọ gbígbẹ. Fìlà ńkọ́?
Omi tí o jáde nínú rẹ̀ kò tíì jáde nínú rẹ.”
Lóòótọ́, kò pẹ́ tí gbígbọ̀n fi dé,
eyín ń lu eyín, tíì ń dà sí i lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ kan ti ń gun àpáta.
Ishbel la ẹnu, ṣùgbọ́n Fearchar ti ṣáájú,
pẹ̀lú ètè tó dúdú bí aró:
“Sọ̀ kalẹ̀! Wá fẹsẹ̀ tọ́ ọ wò ná!”
Ìyá àgbà pa ẹnu rẹ̀ dé.
Ó mu tíì tirẹ̀.