Ìfun Ránṣẹ́

Alẹ́ Ọjọ́bọ ni mo máa ń gún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo,
abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú.
Òjò Swansea ń kan fèrèsé
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Nọ́ọ̀sì Rhiannon ló fi bírò ya ìfun
sí ẹ̀yìn lẹ́tà tó ní "àtọ̀gbẹ, oríṣi kejì" nínú.
Ó ní bí oúnjẹ bá ti ń kọjá níbí,
ìfun á rán oníṣẹ́:
á ké sí ínsúlíìnì, dìde, àlejò dé;
á sọ fún ikùn pé, rọra;
á sọ fún ọpọlọ pé, ó tó.

Ogún ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì òru,
tí mò ń jẹ búrẹ́dì lórí sítíárì,
n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú mi sọ pé ó tó.
Bóyá ó sọ ọ́.
Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó dùn.
Ẹ̀jẹ̀ dùn, inú ò dùn.
Mo rẹ́rìn-ín; Rhiannon ò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Oníṣẹ́ tìrẹ, ó ní, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò láyé.
Èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ á lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì.
Ọ̀sẹ̀ kejì, òórùn ẹja díndín lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Àṣàkẹ́ bu ìrẹsì fún mi,
mo jẹ ìdajì, mo gbé ṣíbí kalẹ̀.
"Ṣé kò dùn ni?"

Ó dùn, Àṣàkẹ́.
Ẹnìkan ló pè mí láti inú.