Mọ́kànlá Àbọ̀

Aago márùn-ún ìdájí,
a gbé Pijó Múfútáù jáde ní Ìta-Òṣìn,
Pijó tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ,
tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́bò sí láyà
bí ẹni fi ọkàn ọ̀dọ́mọdé sínú àgbàlagbà.
Múfútáù ló ń wà á. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi.
Bàbá Ṣótúndé, ọ̀gá mi, jókòó sẹ́yìn, ó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra.

Omi ìdajì, mẹ́tánọ́ọ̀lù ìdajì.
Má fi í wé ògógóro o.
Ẹni tó bá mu ún á máa fi ọwọ́ wá ojúmọ́.
Iná rẹ̀ kì í hàn lọ́sàn-án gangan:
lọ́dún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo rò pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni mo na ọwọ́ sí.
Àpá rẹ̀ nìyí, lọ́rùn ọwọ́ mi,
ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí odò Ògùn.

Ṣùgbọ́n bí tọ́bò bá ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun,
afẹ́fẹ́ ọ̀hún á gbóná bí ẹni sáré gun Olúmọ.
Ìrì tín-ín-rín inú kẹ́ẹ̀gì yìí
ló máa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
tí yóò sọ fún un pé, rọra, sinmi ná.

Ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Jíà kẹta.
Gééjì ka mẹ́wàá: èéfín dúdú,
ó ń mu epo bí ẹni tí kì í san owó.
Mo yọ epo díẹ̀. Mẹ́wàá àbọ̀.
Mo tún yọ díẹ̀, bí a ṣe ń yọ ẹ̀gún
lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn.
Mọ́kànlá.
Mọ́kànlá àbọ̀ afẹ́fẹ́ sí epo kan ṣoṣo.
Ọkọ̀ náà dákẹ́. Rárá, kò dákẹ́,
ó ń ké, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ di ẹyọ kan.

Bàbá ò gbọ́ ọ.
Ogójì ọdún lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ti kó etí rẹ̀ lọ.
Àtẹ́lẹwọ́ ló fi lé ilẹ̀ ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè ni gééjì ti fò.
Méjìlá. Mẹ́tàlá.
Nǹkan kan ń kanlẹ̀kùn nínú irin, kó, kó, kó,
àlejò tí kì í dúró gbọ́ "ta nìyẹn?"
Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti gbá Múfútáù léjìká:
"Gbẹ́sẹ̀! Gbẹ́sẹ̀ kúrò!"
Adití ló kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹnu ìfọ́nmi ló dí. Ìdọ̀tí tí kò tó hóró ata.
Irun búrọ́ọ̀ṣì onírin kan ni mo fi tú u.
Bàbá tú púlọ́ọ̀gì kejì, ó gbé e sí iná fóònù:
ó funfun bí eyín,
nígbà tó yẹ kó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà.
"Tínúkẹ́," ó ní, "bí kẹ́ẹ̀gì bá gbẹ lóru,
tí ọmọ yìí nìkan wà lọ́nà Ṣàgámù ńkọ́?"

Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà:
bí ìrì bá dá, kí tọ́bò náà dá ọwọ́ dúró.
Lẹ́yìn náà mo dá epo díẹ̀ padà.
Múfútáù fajúro. Ó ní gbogbo ẹṣin inú rẹ̀ lòun sanwó fún,
ó ní àwọn Ìjẹ̀bú á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.
Ẹṣin mọ́kànlá ni mo bù kù.
Mo sọ fún un pé márùn-ún ni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, oòrùn ti ń yọ lórí àwọn páànù pípọ́n,
Bàbá bi mí pé mélòó ló kà kó tó dí.
Mo na ìka mẹ́wàá, mo na ọ̀kan,
mo wá ká ọ̀kan sí méjì.
Ó di ìka tí mo ká yẹn mú.
Kò tètè fi í sílẹ̀.