Májàlà ní Marsden

Ọjọ́ Àìkú kan, oṣù Kẹrin,
mo ń ká aṣọ Bàbá Haigh lórí okùn
nígbà tí nǹkan dúdú kan bà lé apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun.
Ó fúyẹ́ ju ìyẹ́ ẹ̀ga lọ.
Mo fọwọ́ kàn án, ó di lẹ́búlẹ́bú.
"Májàlà."
Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.
Ọdún mẹ́sàn-án lọ̀rọ̀ náà ti ń sùn lábẹ́ ahọ́n mi.

Ní Ìgbóho, bí májàlà bá ti já lu ojúde,
oko kò tún ní láti ránṣẹ́ mọ́.
Bàbá mi ti wà lójú iná pẹ̀lú kùmọ̀,
òkété ń sá, àṣá ń rábàbà lókè èéfín,
ìyá mi ń kó aṣọ wọlé pẹ̀lú èpè wẹ́wẹ́ lẹ́nu.

Bàbá Haigh gbọ́ láti orí àga onítáyà:
"Kí lo pè é?" Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ó há wọn léyín.
Ogójì ọdún ni wọ́n fi sun òkè yìí,
owó oṣù ni wọ́n ń gbà sí i:
abala kan lọ́dún yìí, òmíràn ní àmọ́dún,
kí igbó kúkúrú elésè àlùkò lè rú ọ̀mùnú,
kí àparò orí òkè rí nǹkan ṣá jẹ,
kí àwọn olówó wá yìnbọn fún un lóṣù Kẹjọ.
"Iná tí mo bá dá," ni wọ́n máa ń wí, "mo máa ń sìn ín délé."

Ti òní kò ní ẹni tó máa sìn ín.
Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta gbé ààrò alálòsọnù gòkè,
wọ́n yan sọ́séèjì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.
Òjò ti kẹ̀yìn sí wa fún ọjọ́ méjìlélógún
ní ìlú tí wọ́n ti ń fi òjò kíra ẹni.

Lóru, òkè fi iyùn sọ́rùn.
Bàbá ò jẹ́ kí n fa kọ́tìnnì.
Àwọn panápaná pa èyí tó hàn.
Èyí tí kò hàn wọ inú ilẹ̀ lọ,
ó ń jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ àjà,
ọjọ́ mẹ́fà ni òkè fi ń rú èéfín
bí ẹni tó ń mu ìkòkò ní kọ̀rọ̀.

Nínú oṣù Karùn-ún, Morwenna Pask dé láti yunifásítì
pẹ̀lú ọ̀pá oníhò tó gùn ju ọkùnrin méjì lọ.
Ó kì í bọ àbàtà, ó fà á yọ,
ó tẹ́ ilẹ̀ dúdú sórí ọ̀rá bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.
Ẹgbàáta ọdún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó fi èékánná tọ́ka ìlà èédú kan, òmíràn.
Níbí, igi ló kún òkè;
àwọn ènìyàn tí kò tíì mọ irin tinábọ etí igbó
kí àgbọ̀nrín lè jáde wá jẹ koríko tútù.
Bàbá mi, mo ní nínú mi. Bàbá mi gan-an.
Níbí, òjò wá, kò lọ; igi rà, àbàtà jókòó.
Níbí, àgùntàn. Níbí, dúdú ọ̀tọ̀:
èérí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ láti àfonífojì,
ó gòkè bí èéfín, ó padà bọ̀ bí òjò kíkan,
ó pa ewé bíi kàn-ìn-kàn-ìn tó ń pọn omi sílẹ̀ fún ilẹ̀.
Wọ́n ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan.
Ti ibí yìí, òun ló bí odò,
òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

"Ìlà tèmi dà?" ni Bàbá Haigh bèèrè.
Morwenna wá a lókè pátápátá.
"Ó tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ. Ojú lásán kò lè rí i."
N kò mọ̀ bóyá ìtùnú nìyẹn.
Bàbá na ìka, wọ́n fi kan ilẹ̀ tútù náà,
ó pẹ́ kí wọ́n tó mú un kúrò,
wọ́n wá fi ìka náà nu àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun
tí mo ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
N kò wí nǹkan kan.
Mo ti àga wọn sọ̀ kalẹ̀.
Ojú ọ̀run mọ́ fo, kò sí àwọsánmà kan.